Jápa: àpò ta ni èrè ẹ̀ ń wọ̀, àpò ta ni owó ẹ̀ ti ń jáde?

Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kékeré kan ni mo ní lójú ọ̀nà Arákalẹ̀ ní Àkúrẹ́ níbí, fọ́tòkọ́pì, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, lẹ́tà títẹ̀, fọ́ọ̀mù kíkọ, gbogbo ẹ̀ là ń ṣe. Láti bí ọdún mẹ́rin báyìí, tí èèyàn mẹ́wàá bá wọlé tọ̀ mí, ọ̀rọ̀ jápa ló gbé bíi mẹ́ta wá nínú wọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, màmá kan tó ń ta ẹja gbígbẹ ní Ọjà Ọba wá tẹ ìwé báńkì jáde nítorí ọmọ wọn tó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Bàbá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń dúró de fọ́tòkọ́pì tiwọn, bí wọ́n ṣe gbọ́ UK báyìí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, pé àwọn ọmọ yìí ò nífẹ̀ẹ́ ìlú wọn, pé ìjọba á náwó lé wọn lórí tán, wọ́n á wá kọrí sí ìlú òyìnbó lọ máa tọ́jú arúgbó olówó. Màmá ní ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ máa bá mi san owó iléèwé àbúrò ẹ̀ ni? Ni àwọn méjèèjì bá kọjú sí mi, "ìwọ tó o ń bá wọn ṣe é lójoojúmọ́, sọ̀rọ̀, ṣé jápa dáa àbí kò dáa?"

Iná ti fẹ́ lọ, iṣẹ́ ni mo fẹ́ tètè tẹ̀ jáde, mo kàn rẹ́rìn-ín ni. Ṣùgbọ́n mo ti rò ó láti ìgbà yẹn, mo sì rí i pé ìbéèrè yẹn gan-an ló ń dà wá lórí rú. Ẹni tó ń jẹ èrè jápa àti ẹni tó ń sanwó ẹ̀, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, àpò wọn ò pa pọ̀. Bàbá ń wo àpò kan, màmá ń wo òmíràn, kò sẹ́ni tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀, torí gbogbo ẹni tó bá ti kúrò ní Nàìjíríà là ń pè ní ẹni tó jápa. Ẹni tó kọ́ṣẹ́, tó gba físà, tó lọ ta iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń sanwó jù, òṣìṣẹ́ aṣíkiri nìyẹn, òun ni mò ń sọ̀rọ̀ ẹ̀. Ogúnléndé yàtọ̀, orúkọ ẹ̀ ti sọ ọ́, ogun ló lé e dé, òfin àgbáyé tí wọ́n ṣe lọ́dún 1951 sì ní kò gbọdọ̀ sẹ́ni tó máa dá a padà síbi tí ẹ̀mí ẹ̀ ti wà nínú ewu. Sápà ò sí nínú òfin yẹn o! Torí náà ẹ́jẹ́ńtì tó bá ní "ẹ ṣáà lọ, tẹ́ ẹ bá débẹ̀ kẹ́ ẹ ní wọ́n fẹ́ pa yín nílé", wàhálà ló ń tà fún yín. Ẹnì kan tún wà tí wọ́n ṣe fàyàwọ́ ẹ̀ kọjá bọ́dà, òun fúnra ẹ̀ ló sanwó, òun ló fẹ́ lọ, ọ̀nà tó gbà ni ò bófin mu. Èyí tó burú jù ni ẹni tí wọ́n tàn lọ, tí wọ́n gba pásípọ́ọ̀tù lọ́wọ́ ẹ̀, tí wọ́n wá fi í ṣòwò, òwò ẹrú òde òní nìyẹn, torí ẹ̀ ni ìjọba ṣe dá NAPTIP sílẹ̀ lọ́dún 2003. Ohun tó ń bani lẹ́rù ni pé ẹni fàyàwọ́ lè di ẹrú lójú ọ̀nà, èèyàn á kúrò nílé bí oníbàárà, á dé Líbíà bí ọjà.

Ẹ má sì jẹ́ kí ariwo orí fóònù mú yín rò pé gbogbo ayé ti kó ẹrù tán. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kà á lọ́dún 2024, àwọn tó ń gbé lórílẹ̀-èdè tí wọn ò bí wọn sí tó 304 mílíọ̀nù, tẹ́ ẹ bá pín in kò pé èèyàn mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tó kù wà nílé wọn. Àwa ará ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ńkọ́, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣí kúrò, àárín ara wa níbí náà ni wọ́n ń yí sí, Kutonú, Gáná, Àbíjáǹ, kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù.

Ó dáa, kí ló ń lé wọn? Owó ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ dáadáa. Oṣù keje ọdún 2024 ni owó oṣù tó kéré jù ní Nàìjíríà di 70,000 náírà. Ní UK, ní oṣù kẹrin ọdún 2025, iye tó kéré jù tí wọ́n lè san fún ẹni tó ti pé ọdún mọ́kànlélógún fún wákàtí kan ṣoṣo jẹ́ 12.21 pọ́nùn. Ká ní pọ́nùn kan jẹ́ 2,000 náírà péré, wákàtí mẹ́ta lọ́hùn-ún ti ju iṣẹ́ oṣù kan gbáko níbí lọ. Ẹ tún wá fi ohun tó ṣẹlẹ̀ sí náírà kún un, kó tó di oṣù kẹfà ọdún 2023 dọ́là ò tíì tó 500 náírà ní báńkì, nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2024 ó ti lé ní 1,500. Owó oṣù dúró sójú kan, ìrẹsì ò dúró.

Ìṣirò yẹn ò purọ́, kò kàn sọ òótọ́ tán ni, torí ẹni tó ń gba pọ́nùn, pọ́nùn náà ló ń ná, a máa padà síbẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í ni pé wọ́n ní ìṣẹ́ ló ń lé èèyàn jápa. Tó bá jẹ́ ìṣẹ́ nìkan ni, àwọn alábàárù inú ọjà ni ì bá kọ́kọ́ lọ. Mi ò tíì bá alábàárù kankan kọ fọ́ọ̀mù UK rí. Àwọn tí mò ń kọ ọ́ fún ni nọ́ọ̀sì, tíṣà, ọmọ yunifásítì FUTA tó mọ kọ̀ǹpútà, ẹni tí bàbá ẹ̀ ní ilẹ̀ tí wọ́n lè tà lójú ọ̀nà Ọ̀dà. Owó ni wọ́n fi ń lọ wá owó! Pásípọ́ọ̀tù lówó ẹ̀ lọ́tọ̀, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì IELTS lówó tiẹ̀, àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ lówó tiẹ̀, ẹ máa wọkọ̀ lọ sí Èkó lọ ṣe ìka títẹ̀ bóyá lẹ́ẹ̀mejì, ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀nà iléèwé sì gbọ́dọ̀ fi hàn pé owó ilé ìwé àti owó oúnjẹ ti wà ní báńkì fún ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n láìṣípò. Nígbà tí náírà ṣubú, owó yìí di ìlọ́po mẹ́ta lọ́sàn-án gangan, mo rí àwọn tó ti kó owó jọ fún ọdún méjì tí wọ́n wá dà bí ẹni tí ò tíì bẹ̀rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé náà ti wo èyí káàkiri ayé, wọ́n rí i pé àwọn tó tòṣì paraku kì í lè lọ jìnnà, ìgbà tí nǹkan bá ṣẹnuure díẹ̀ lèèyàn tó ń rí owó ọkọ̀. Nítorí náà ẹni tó bá ní tí Nàìjíríà bá ti gbé orí sókè díẹ̀ báyìí jápa á tán, ẹ ní kó ṣe sùúrù.

Kì í sì í ṣe ẹnì kan ló ń dá lọ, ẹbí ló ń ránni. Àgbẹ̀ Oǹdó tó gbin kòkó, tó tún fi obì àti ẹ̀gẹ́ sí oko kan náà, ó mọ ohun tó ń ṣe, tí kòkó ò bá so dáadáa lọ́dún yìí, ilé ò ní paná oúnjẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹbí tó ní ọmọ kan níṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká, ọ̀kan nínú ọjà, tí wọ́n wá da owó jọ láti kópùrétíìfù láti rán ọ̀kan sókè òkun. Tí èyí àkọ́kọ́ bá ti wá rí ẹsẹ̀ walẹ̀, òun ló máa sọ fún èkejì ibi tí iṣẹ́ wà àti ilé tó máa kọ́kọ́ sùn sí, ìyẹn ló jẹ́ pé ìlú kan lè kó lọ síbì kan náà bí àwọn ará Èjìgbò ṣe kún Àbíjáǹ.

Àwọn tó ń fà wọ́n lọ́hùn-ún náà ò ṣe é nítorí Ọlọ́run. Arúgbó ti pọ̀ níbẹ̀, ọmọ ò pọ̀ mọ́, iṣẹ́ títọ́jú aláìsàn sì le, owó ẹ̀ ò dùn mọ́ ọmọ onílé nínú. Ní oṣù kejì ọdún 2022 ni UK ṣílẹ̀kùn físà fún àwọn tó ń tọ́jú arúgbó, àwọn tí à ń pè ní kíà, gbogbo Àkúrẹ́ bá di kíà-kíà, àwọn tó jẹ́ akàǹtáǹtì di kíà, tíṣà físíìsì di kíà. Láti oṣù kìíní ọdún 2024, wọ́n ní ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ò lè kó ìyàwó àti ọmọ dání mọ́, àfi ẹni tó bá lọ ṣe ìwádìí bíi PhD. Nígbà tó di ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún yẹn kan náà, wọ́n ní kíà náà ò gbọdọ̀ kó ẹbí dání. Ní ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn kíà pátápátá mọ́ ẹni tó ń bọ̀ láti òkè òkun. Ọdún mẹ́ta àti àbọ̀ ni gbogbo ẹ̀. Ẹ́jẹ́ńtì tó bá ṣì ń ta físà kíà UK fún yín lónìí, ẹ bi í pé ojú fèrèsé wo ló fẹ́ gbà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò fẹ́ gbójú fò, torí àwa níbí máa ń ṣe bí ẹni pé àwa nìkan ni wọ́n ń lé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gáná fún àwọn àjèjì tí ò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì pé kí wọ́n kúrò, àwọn Yorùbá oníṣòwò tó ti bímọ, tó ti kọ́lé síbẹ̀ pọ̀ jáǹrẹrẹ nínú wọn. Kò ju ọdún mẹ́rìnlá lọ, epo rọ̀bì ti gbé tiwa sókè, àwọn ará Gáná ló ń wáṣẹ́ wá, àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó kàwé ọ̀fẹ́ nígbà Ajasin ní ìpínlẹ̀ Oǹdó lè dárúkọ tíṣà Gáná tó kọ́ wọn ní mátíìsì. Ní oṣù kìíní ọdún 1983 ìjọba Shagari lé àwọn àjèjì tí ò ní ìwé, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan nínú wọn jẹ́ ará Gáná, báàgì aláràbarà tí wọ́n di ẹrù sí la ṣì ń pè ní Ghana-must-go dòní. Ẹni tó pè wọ́n wá náà ló lé wọn nígbà tí owó epo já wálẹ̀.

Títí di ìsìnyí ńkọ́? Ẹ lọ sí oko kòkó ní ọ̀nà Ìdànrè tàbí Oǹdó, ẹ máa bá lébírà tó wá láti Tógò àti Kutonú níbẹ̀, àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 ló jẹ́ kí wọ́n lè wọlé láìgba físà fún àádọ́rùn-ún ọjọ́. Iṣẹ́ tí ọmọ olóko ò fẹ́ ṣe mọ́ ni wọ́n ń ṣe, àwa sì tún máa ń sọ pé wọ́n ti pọ̀ jù. Ọ̀kan wá ya fọ́tò lọ́dọ̀ mi lóṣù tó kọjá, bó ṣe ń béèrè iye owó, bẹ́ẹ̀ náà ló ń sọ fún mi pé owó tó ń rí lóko níbí ló fi ń kọ́lé ní ìlú ẹ̀. Níbi tí òun dúró sí, Ìdànrè ni Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí àpò. Owó tí àwọn ọmọ Nàìjíríà òkè òkun fi ránṣẹ́ wálé lọ́dún 2023 lé ní 19 bílíọ̀nù dọ́là gẹ́gẹ́ bí báńkì àgbáyé ṣe kà á. Owó yẹn ò gba ọ́fíìsì ìjọba kankan kọjá, fóònù màmá ló ń wọ̀ tààrà, ó ń di owó iléèwé, owó ilé, owó oògùn. Bàbá tíṣà tó ń bínú lórí bẹ́ǹṣì yẹn gan-an, ọmọ wọn obìnrin tó wà ní Kánádà ló ń fi owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ránṣẹ́ lóṣooṣù, èmi náà ni mo ń bá wọn ka mẹ́sẹ́ẹ̀jì báńkì ẹ̀. Mi ò sọ ọ́ fún màmá ṣá, àṣírí oníbàárà ni.

Ẹ wá wo apá kejì. Lọ́dún 2025, mínísítà ìlera, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Ali Pate, sọ pé láàárín ọdún márùn-ún sí méje, dókítà tó lé ní 16,000 ló ti kúrò ní Nàìjíríà, pé kíkọ́ dókítà kan ń ná wọn ju 21,000 dọ́là lọ. Ẹ fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀, ó tó 336 mílíọ̀nù dọ́là. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn lè ní kí ni 336 mílíọ̀nù lára 19 bílíọ̀nù tó ń wọlé lọ́dún kan ṣoṣo, èrè ni jàre! Lórí ìwé, òótọ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe àwọn dókítà nìkan ló ń fi 19 bílíọ̀nù ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n 336 mílíọ̀nù yẹn, àpò gbogbo wa ló ti jáde, àti tẹni tí ò ní ẹbí kankan lókè òkun, 19 bílíọ̀nù sì wọ ilé ẹni tó ní èèyàn níbẹ̀ nìkan. Obìnrin tó ń rọbí láàjìn ní abúlé kan lẹ́yìn Oǹdó, tí wọ́n gbé dé ọsibítù tí nọ́ọ̀sì kan ń dá wo wọ́ọ̀dù méjì, kò sí bó ṣe fẹ́ fi dọ́là ọmọ ẹlòmíì bímọ. Ìlú Oǹdó yìí kan náà ni yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn wà láti ọdún 2015 o. Nọ́ọ̀sì tó bá kù náà á ṣe iṣẹ́ tiẹ̀, á ṣe ti àwọn tó lọ, ó máa rẹ̀ ẹ́, òun náà á wá bá mi pé bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi wo fọ́ọ̀mù yìí.

Àwọn kan ní jápa náà ló ń mú kí àwọn ọmọ máa wọ iléèwé nọ́ọ̀sì, pé gbogbo wọn kọ́ ló máa lọ, àwọn tó bá kù á pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó ti ṣẹlẹ̀ ní Philippines, ìjọba tiwa náà ti sọ iye tí wọ́n ń gbà sí àwọn iléèwé ìlera di 64,000 lọ́dún láti 28,000. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kíkọ́ ọ, ọ̀tọ̀ ni sísan owó oṣù fún ọ. Mo mọ nọ́ọ̀sì tó parí iléèwé tó ń ta ṣúgà àti mílíìkì nítorí pé wọn ò gbà á síṣẹ́, ìyẹn ò jápa, síbẹ̀ ọsibítù ò rí i lò.

Èyí tó lọ náà ní àpò tiẹ̀, gbogbo ìgbà kọ́ ló ń kún. Físà òṣìṣẹ́ UK so mọ́ ẹni tó gbà ọ́ síṣẹ́, tí wọ́n bá gba láísẹ́ńsì kọ́ńpìnnì yẹn, wọ́n sábà máa ń fún ọ ní ọgọ́ta ọjọ́ péré láti wá ọ̀gá mìíràn, ẹni tó mọ̀ pé bó ṣe rí nìyẹn kì í lè sọ̀rọ̀ bí wọ́n bá ń rẹ́ ẹ jẹ. Ní àwọn ilẹ̀ Lárúbáwá kan àti Lẹ́bánónì ó tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, kafala ni wọ́n ń pè é, ọ̀gá ló ni ìwé rẹ, láìsí àṣẹ ẹ̀ ó lè má ṣeé ṣe fún ọ láti yí iṣẹ́ padà. Àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ń sọ fún pé iṣẹ́ sálúùnù ni, ilé ni wọ́n máa lọ nù látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àgbà, ọ̀rọ̀ tọkọtaya tó ń fi fóònù ṣe ìgbéyàwó, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ẹ ò nílò kí n là á fún yín.

Ẹ́jẹ́ńtì wá ńkọ́? Àbúrò mi kan ta ọ̀kadà méjì fún ọ̀kan nínú wọn, ó gba ìwé CoS, ìyẹn ìwé tí ọ̀gá tó fẹ́ gbani síṣẹ́ ní UK fi ń ṣe onígbọ̀wọ́ físà ẹni, ó rẹwà gan-an, ó ní sítáǹbù, ó ní nọ́ńbà. Nígbà tó fi máa gbé e wá fún mi, owó ti lọ. Ohun tí ì bá gbà á là ò náni lówó: ìjọba UK kó orúkọ gbogbo kọ́ńpìnnì tó láṣẹ láti gba àjèjì síṣẹ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì wọn, ọ̀fẹ́ ni, ẹ tẹ orúkọ ẹ̀ síbẹ̀, tí kò bá sí níbẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ti pé ó wà níbẹ̀ náà ò túmọ̀ sí pé iṣẹ́ wà, àwọn kan láṣẹ lóòótọ́, wọ́n ń ta CoS láìní iṣẹ́ kankan. Ọ̀gá tó fẹ́ ẹ níṣẹ́ ló ń sanwó CoS, kò yẹ kó dé ọrùn rẹ. Èyí tó kan àwọn nọ́ọ̀sì: Nàìjíríà wà lórí ìwé àwọn orílẹ̀-èdè tí òṣìṣẹ́ ìlera wọn ò tó, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2023, UK sì gbà pé àwọn ò ní wá síbí wá máa ṣa òṣìṣẹ́ ìlera. Nọ́ọ̀sì lè fúnra ẹ̀ wáṣẹ́ tó bá rí i lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò sẹ́ni tó dí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dé Àkúrẹ́ tó ní NHS, ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba UK, rán òun wá kó nọ́ọ̀sì, ẹ bèèrè ẹni tó rán an.

Màmá ẹlẹ́ja padà wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè, bàbá tíṣà ò sí níbẹ̀. Wọ́n ní ọmọ àwọn sọ pé nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ NHS ní 2025 ń gba 31,049 pọ́nùn lọ́dún, wọ́n ti fi ẹnu ṣírò ẹ̀, wọ́n ní ó ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ lóṣù. Mo ní màmá, ẹ jókòó. Mo gbé kákúlétọ̀ jáde. Lóṣù kan ó jẹ́ bí 2,587 pọ́nùn kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Wọ́n yọ owó orí, wọ́n yọ owó ìbánigbófò ìjọba, wọ́n yọ pẹ́ńṣàn, ó ku nǹkan bíi 2,000. Yàrá kan nínú ilé tí wọ́n jọ ń gbé, ká fi sí 600. Oúnjẹ, ọkọ̀, fóònù, aṣọ òtútù, ká fi sí 600 mìíràn. Ó ku 800, ìyẹn mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta náírà, inú ẹ̀ ló ti máa san gbèsè kópùrétíìfù kó tó rán nǹkan wálé.

Màmá dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní kí n kọ 800 yẹn sẹ́yìn ìwé báńkì kí ọmọ náà lè rí i dáadáa. Lẹ́yìn náà wọ́n bi mí pé ṣé wọ́n ń rí ẹja gbígbẹ rà lọ́hùn-ún. Mo ní wọ́n ń rí i o, owó gọbọi ni. Wọ́n ní ó dáa, àwọn á di í sínú báàgì ẹ̀, ó kéré tán kò ní fi pọ́nùn ra ìyẹn fún oṣù àkọ́kọ́.